Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gé Kù Lórí Fọ́ọ̀mù Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ayégún,
Òde Rẹ́mọ,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Àtakò Lórí Ilẹ̀ Ìdókòwò,
Ẹ̀ka Rẹ́mọ,
Ṣàgámù.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi nínú Ìgbìmọ̀,

ẸBẸ̀ PÉ KÍ Ẹ ṢÀTÚNṢE OHUN TÍ MO FI ỌWỌ́ ARA MI KỌ NÍPA OKO MÀMÁ ÀBẸ̀BÍ ṢÓBỌ̀WÁLÉ NÍ ABÚLÉ FÁBÍYÌÍ, ÀTI OKO MẸ́JỌ MÌÍRÀN

1. Orúkọ mi ni Hàmdálátù Yísà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, inú ìgboro ni mo sì dàgbà sí. Bàbá mi ń ránṣọ, ìyá mi ń ta ìwé àti bírò fún àwọn ọmọ iléèwé. Mo kọ èyí kí ẹ lè mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé n kò mọ nǹkan kan nípa oko nígbà tí wọ́n gbà mí sí iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò ní ilẹ̀ ní Rẹ́mọ, n kò sì ní ìbátan níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ lẹ́tà yìí.

2. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, ẹ lẹ ìkéde kan mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú ní Òde Rẹ́mọ. Ìkéde náà sọ pé ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn kan láti òkè òkun fẹ́ gba ilẹ̀ tó tó éékà 1,600 láàrin Òde Rẹ́mọ àti Ìsarà fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, kí wọ́n lè gbin ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò fi ṣe sítáàṣì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àtakò mú un wá kí ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin tó kọjá, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ ó fọwọ́ sí ìwé. Ní ojú-ìwé kejì ni orúkọ àwọn tí ẹ ní wọ́n ti jọ̀wọ́ ilẹ̀ wọn fúnra wọn wà. Orúkọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni Àbẹ̀bí Ṣóbọ̀wálé, éékà mẹ́rin, Abúlé Fábíyìí.

3. Màmá Àbẹ̀bí kò jọ̀wọ́ ilẹ̀ kankan fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ ohun tó mú kí ó dà bíi pé wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ilẹ̀ yìí ni ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn, kò sì sí òmíràn àfi ọgbà ẹ̀fọ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé.

4. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa gba ìsinmi ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, àwọn tó kù lọ sílé. Èmi kò lọ. Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní í padà sí Ìwó títí n ó fi lè sọ fún ìyá mi láìpurọ́ pé mo ti ní ọ̀rẹ́ kan, ó kéré tán. Ìwé kan wà lójú pátákó ìkéde wa nígbà náà, tó sọ pé àwọn awọnlẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà gbà ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó lè kọ Yorùbá tó já geere, tí yóò máa lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n ti kọ gbogbo ìbéèrè náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń tijú bíi tèmi yóò mọ ìdí tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi wù mí. N kò ní í máa wá ohun tí n ó sọ.

5. Fọ́ọ̀mù náà jẹ́ ojú-ìwé kan. Ìbéèrè kọkànlá lórí rẹ̀ ni: "Kí ni ẹni yìí ń fi ilẹ̀ náà ṣe báyìí?" Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn kò gùn ju ìka mi kékeré lọ, mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi, ọ̀gá tó ń bójú tó wa, kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kọjá ìlà, nítorí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní Èkó kò ní í ka ohun tó bá wà lóde àpótí. Mo na ọwọ́ sókè. Mo bi wọ́n pé bí ìdáhùn bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́. Wọ́n dá mi lóhùn pé: "Hàmdálátù, fọ́ọ̀mù la ní kí o kọ, a ò ní kí o kọ ìtàn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. N kò tún béèrè ohunkóhun mọ́ títí iṣẹ́ náà fi parí.

6. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ni mo dé ọ̀dọ̀ Màmá Àbẹ̀bí, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń ṣa obì sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn tó dára lọ́tọ̀, àwọn tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀. Wọ́n gbé àpótí fún mi kí n jókòó. Wọ́n béèrè orúkọ mi, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ní Rẹ́mọ nígbà náà. Àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé ìbéèrè kọkànlá, ohun tí wọ́n sọ nìyí. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá ìwé nítorí n kò tíì lè kọ ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ bí ó ti yẹ:

"Èyí tó wà létí odò yẹn? Mo ti fi í sílẹ̀, ọmọ mi, kó sinmi fún ọdún mẹ́ta. Ọdún kejì la wà yìí. Ọdún méje gbáko ni mo fi ẹ̀gẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti ṣiṣẹ́ ju èmi gan-an lọ, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó."

Ohun tí mo kọ sínú àpótí ni: "Ó ti fi í sílẹ̀." Ibẹ̀ ni ìlà ti parí.

7. N kò fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi náà ru ìlà kúkúrú. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù náà ṣófo, mo lè kọ ìyókù síbẹ̀ kí n sì jẹ́ kí ẹni tó wà ní Èkó bínú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo rò pé ìdáhùn ti pé. Ní àdúgbò wa ní Ìwó, bí wọ́n bá ní ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, ó ti kó jáde nìyẹn, ẹlòmíràn lè gbà á. Èyí ló wá sí mi lọ́kàn. N kò mọ̀ pé àgbẹ̀ a máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi, tó mọ ọjọ́ tí òun yóò padà wá kó o. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Màmá ń yára sọ̀rọ̀, mo sì ti ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tì mí láti tún un béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Mo kàn ń mi orí ni.

8. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, gbólóhùn kan wà tí akọ̀wé yóò fọwọ́ sí: "Mo ti ka ohun tí mo kọ sí ẹni yìí létí, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni." Mo fọwọ́ sí i. N kò kà á. Ọkọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi ti ń tẹ họ́ọ̀nù ní oríta. Bí Màmá ṣe ń nu yíǹkì kúrò lára àtàǹpàkò wọn, wọ́n béèrè pé, "Ṣé ohun tí mo sọ lo kọ?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Láti ìgbà tí mo ti rí ìkéde yín, n kò lè jókòó sójú kan nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn.

9. Ẹ lè béèrè bí mo ṣe rántí ohun tí ẹnì kan sọ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nítorí pé n kò ní ẹni tí mo lè ròyìn ọjọ́ mi fún, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo kọ gbogbo gbólóhùn Màmá síbẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n ti ní kí ilẹ̀ kọ́kọ́ jókòó, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Èyí tó dùn ni mo tọ́jú fún ara mi, mo sì kó ìyókù fún ìjọba. Mo ti so ẹ̀dà ojú-ìwé náà mọ́ lẹ́tà yìí. Déètì wà lórí rẹ̀. Ìkọ̀wé kan náà ló wà lórí fọ́ọ̀mù tó wà lọ́dọ̀ yín.

10. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹni tó túmọ̀ fọ́ọ̀mù náà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tó lò, tó wà nínú ìkéde yín, túmọ̀ sí pé ẹni náà ti yọwọ́ kúrò lórí ilẹ̀ pátápátá, kò sì ní í padà síbẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún ní "Ó ti fi í sílẹ̀", tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Láti orí fọ́ọ̀mù ló ti bàjẹ́.

11. Mo ti padà lọ wo àwọn fọ́ọ̀mù yòókù tí mo kọ nínú ìwé mi. Lára orúkọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta yẹn, mẹ́sàn-án ni èmi kọ "fi sílẹ̀" fún: 27, 28, 31, 33, 34, 40, 41, 46 àti 52. Mo ti padà lọ bá méje nínú wọn. Gbogbo wọn ló sọ ohun kan náà, pé ilẹ̀ ń sinmi ni. N kò bá ẹni tó ni 40 nílé, wọ́n ní ó ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tó ni 46 kú ní oṣù tó kọjá. N kò kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú ìwé mi, n kò sì rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí náà n kò ní í sọ ohun tí n kò mọ̀. Àwa mẹ́rin la ṣe iṣẹ́ náà. N kò lè gbẹnu sọ fún àwọn mẹ́ta tó kù.

12. Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà sí Abúlé Fábíyìí láti béèrè, olórí abúlé náà, Bàbá Fábíyìí, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé ní Ìwó tiyín, ilẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́ ni?" Mo fi àwòrán ìkéde náà tí mo yà sínú fóònù hàn wọ́n, mo sì túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un túmọ̀. Ìgbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọn kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Tó bá jẹ́ pé ohun tí èèyàn bá fi sílẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ pe gbogbo àwọn ará Èkó tó kọ́lé síbí tí wọ́n tì í pa. Kí wọ́n tètè wá kó bẹ́ẹ̀dì wọn." Mo kọ ọ́ síbí nítorí mo rò pé àlàyé tiwọn yéni ju tèmi lọ.

13. Ohun kan tún wà tí mo fojú ara mi rí. Ní oṣù Kejì, aṣojú méjì láti ilé-iṣẹ́ náà wá wo ilẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, àlejò bíi tèmi. Èmi ni mo gbé fáìlì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró ní etí oko Màmá Àbẹ̀bí, wọ́n ya àwòrán igbó tó hù níbẹ̀. Obìnrin náà béèrè ìdí tí irú ilẹ̀ tó dára bẹ́ẹ̀ fi wà lásán. Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi dáhùn pé kò sí ẹni tó ń lò ó. Ní iwájú bàtà rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gba àárín igbó náà kọjá lọ sí odò, tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ tó fi ń dán. Ní ojú ààlà, pèrègún mọ́kànlá ló tò lọ́ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àlàfo àárín wọn dọ́gba. Mo kà wọ́n. Èèyàn ló gbìn wọ́n. Mo rí gbogbo rẹ̀, n kò sọ nǹkan kan, nítorí pé fáìlì ni wọ́n ní kí n gbé.

14. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí, mo tẹ̀ lé Màmá Àbẹ̀bí wá sí ọ́fíìsì yín ní Ṣàgámù láti mú àtakò wá. Akọ̀wé tó wà lórí tábìlì wo ìwé orúkọ, ó sì sọ fún wa pé wọn kò lè gba àtakò Màmá, nítorí pé ẹni tó ní ilẹ̀ nìkan ló lè takò, Màmá sì wà lára àwọn tó ti jọ̀wọ́ tiwọn. Ó ní, "Màmá, ẹni tó ti fi nǹkan sílẹ̀, kí ló tún ń wá lọ síbẹ̀?" Màmá ní, "Mo fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ nílé kí n tó wọkọ̀ wá bá ọ. Ṣé o fẹ́ lọ jẹ ẹ́ ni?" Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ó sì dìde kí Màmá lè fi ìdí lé àga rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba ìwé lọ́wọ́ wa. N kò sọ èyí kí ẹ lè bá a wí. Ó hùwà dáadáa sí wa. Ìwé orúkọ ló tẹ̀ lé, ìwé orúkọ sì tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù mi. Bí Màmá kò bá lẹ́tọ̀ọ́ láti takò nítorí ohun tí mo kọ, àfi kí èmi tí mo kọ ọ́ wá sọ pé ohun tí mo kọ kò pé.

15. Ní àkókò náà, Màmá kò mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n rò pé ẹnì kan ní Èkó ló ṣe àṣìṣe. Nínú táksí tí a jọ wọ̀ padà sí Òde Rẹ́mọ, wọ́n ń bínú sí ẹni náà. Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ ọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ ò rán an lóko rí." Òótọ́ ni. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin kí n tó lè sọ fún wọn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo lọ bá wọn ní àgbàlá ilé wọn, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ń gba ààwẹ̀, mà. Wọ́n ní, "Ṣé ààwẹ̀ yín ní kéèyàn má mú àdá?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ìkejì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

16. Ohun tí wọ́n ń fi àdá ṣe ló mú kí lẹ́tà yìí di kánjúkánjú. Láti ìgbà tí akọ̀wé yín ti dá wọn padà, Màmá ti pinnu pé àwọn yóò ṣán ilẹ̀ náà ní ọdún kejì dípò ọdún kẹta, kí àwọn sì gbin àgbàdo sí i bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ẹ bá rán wá yóò rí ewé, kò sì ní í lè sọ pé kò sí ẹni tó ń lò ó. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ náà kò tíì ṣe tán. Wọ́n fi àdá gbẹ́ ẹ hàn mí: dúdú rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ, abẹ́ rẹ̀ ṣì funfun bí eérú. Igbó tí a ń ṣán yẹn ni wọ́n ní ó ń bọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbìn ín báyìí, àgbàdo náà kò ní í dàgbà dáadáa, ọdún méjì tí wọ́n ti fi dúró yóò sì bọ́ sọ́nù, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó lé ní àádọ́rin ọdún kò ní ọdún mẹ́ta lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ láti fi ṣòfò. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ni.

17. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, àti ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn tí mo kúrò ní kíláàsì, a ti ṣán ìdajì. Mẹ́rin nínú àwọn méje tí mo bá sọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn náà. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín tó pàṣẹ pé kí wọ́n ba ilẹ̀ wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn lójoojúmọ́ tí ìwé orúkọ náà fi wà lára ògiri.

18. N kò kọ̀wé láti sọ pé kí ilé-iṣẹ́ náà má wá. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní abúlé náà tí wọ́n ń retí iṣẹ́, ọmọ Bàbá Fábíyìí fúnra rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ láti wa katakata. N kò mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ náà yóò dára fún Rẹ́mọ tàbí kò ní í dára. Mo kàn mọ ohun tí mo kọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bi ẹni tó ni ín léèrè. Ẹ̀gẹ́ náà ni wọ́n fẹ́ gbìn síbẹ̀, ohun kan náà tí Màmá gbà pé ó mú kí ó rẹ ilẹ̀ yẹn.

19. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ dá fọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án tí mo kọ nọ́ńbà wọn sókè dúró, kí ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan lórí àwọn ilẹ̀ náà títí ẹ ó fi rán ẹnì kan lọ tí ó gbọ́ Rẹ́mọ, tí yóò béèrè ìbéèrè kọkànlá lẹ́ẹ̀kan sí i, tí yóò sì gbọ́ ìdáhùn dé òpin. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú pé kí ẹ gba àtakò Màmá Àbẹ̀bí. Ní ti àwọn orúkọ márùn-dínlọ́gọ́ta yòókù, ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tó tọ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá tún bi wọ́n léèrè.

20. Bí ẹ bá pè mí, n ó wá. N kò mọ ọ̀rọ̀ sọ níwájú èèyàn, ohùn mi kì í jáde dáadáa, ṣùgbọ́n n ó mú ìwé mi lọ́wọ́, n ó sì kà á. Mo mọ̀ pé mo fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe òótọ́ nígbà tí mo sọ pé mo ti ka fọ́ọ̀mù sí wọn létí. Mo mọ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi lè fi ẹjọ́ mi sun ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí ìjìyà bá wà fún un, èmi ló tọ́ sí, kì í ṣe ẹni tó tẹ àtàǹpàkò sí ohun tí kò lè kà.

21. N kò béèrè pé kí ẹ parí ọ̀ràn yìí lọ́sẹ̀ yìí. Ohun tí mo ń tọrọ ní kíákíá kò ju ìwé pélébé kan lọ, tó ní òǹtẹ̀ yín, tó sọ pé ilẹ̀ tó wà ní nọ́ńbà kẹtàdínlọ́gbọ̀n kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Màmá ti sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí àwọn bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn kò ní í gé ewé kan mọ́ níbẹ̀. Mo lè wá gbà á fúnra mi ní Ṣàgámù ní ọjọ́ Ẹtì. Éékà méjì ṣì kù tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Bí n kò bá rí ìwé gbà, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán in ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìtìjú,

Hàmdálátù Yísà,
Akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà.